A fẹ́ ra ilé Craftsman ọdún 1911 ní Pasadena: iyì wo ló wà lára rẹ̀ tí wọn ò fi fẹ́ ká pààrọ̀ fèrèsé?

Ìyá_Ìbejì_Pasadena

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ ti ń wá ilé. A wá rí ọ̀kan tó wù wá ní Bungalow Heaven, àdúgbò kan ní Pasadena, Kalifọ́níà, níbí tó kún fún ilé onígi kéékèèké. Ìwé ilé náà sọ pé 1911 ni wọ́n kọ́ ọ, irú ilé onígi àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Craftsman. Ilé pẹrẹsẹ ni. Òrùlé rẹ̀ ò ga, ó nà jáde bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì nípọn nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín bó ṣe ń lọ sókè. Nínú ilé, pákó bo ògiri dé ibi èjìká. Àpótí ìwé àti ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ààrò ìyáná, ara ògiri ni wọ́n kàn án mọ́, kò ṣeé gbé. Onílé kan ti fi ọ̀dà funfun kun gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan ní yàrá ìjẹun, níbi tí ọ̀dà ò dé, mo rí igi tó pupa bí epo, tó ń dán. Ó ya mí lẹ́nu.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí: bàbá àwọn ọmọ fẹ́ yọ gbogbo fèrèsé onígi náà dànù, ká fi oníke onídígí méjì sí i, nítorí òtútù. Ejẹ́ǹtì ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìlú, torí òfin ohun àjogúnbá bo àdúgbò náà, pé wọ́n sì lè má gbà fún wa. Ó ti di àríyànjiyàn nílé wa. Ilé yìí kì í ṣe ààfin, a ò sì gbọ́ pé ẹni ńlá kankan gbé ibẹ̀ rí. Kí ni iyì rẹ̀ gan-an? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá mi là á yé.

Bàbá_Houston

Àbúrò, mo kí yín kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀. Ilé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ ó bá ikán nínú ilẹ̀ rẹ̀, ẹ ó bá wáyà iná ayé àtijọ́ tí wọ́n ta kọjá lórí bọ́tìnnì tánganran nínú àjà, ẹ ó bá ọ̀dà olójé lára ògiri, ẹ sì lọ́mọ kéékèèké. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹlòmíì á tún máa pàṣẹ irú fèrèsé tẹ́ ẹ máa lò fún yín. Níbi tí mo wà yìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe fèrèsé ń ṣe é ni. Ẹni tó ń san owó ilé ló yẹ kó ní ilé.

Káfíńtà_Ilé_Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ ṣeun, gbogbo àìsàn tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló wà lóòótọ́. Àtúnṣe ilé irú èyí ni iṣẹ́ tí mò ń jẹ, mo sì máa ń bá wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá ìyá ìbejì sọ̀rọ̀ fèrèsé, torí ibẹ̀ ni owó àti iyì ti pàdé.

Àǹtí, igi tẹ́ ẹ rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Douglas fir, igi tí wọ́n ń gé nínú igbó etíkun ìwọ̀ oòrùn nígbà náà. Àwọn igi tó ti wà ní ìdúró fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n gé. Wọ́n dàgbà díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ òjìji àwọn igi ńlá, nítorí náà òrùka ara wọn sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bẹ́ ẹ bá yọ ẹsẹ̀ fèrèsé kan, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé. Ẹ ó rí òrùka lórí òrùka, tín-ín-rín bí irun. Ẹ wá lọ sí ìsọ̀ igi lónìí, ẹ wo igi kan náà tí wọ́n gbìn nínú oko tí wọ́n sì tètè gé: òrùka rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, omi tètè ń wọ̀ ọ́. Irú ti àkọ́kọ́ yẹn ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́jà báyìí, àfi èyí tí wọ́n bá tú lára ilé àtijọ́. Ohun tí bàbá àwọn ọmọ fẹ́ kó dà sí ààtàn, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ń wá a kiri.

Ohun kejì, fèrèsé yẹn ṣeé tú palẹ̀. Nínú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ihò kan wà tí wọ́n so irin wúwo mọ́ okùn sí. Bẹ́ ẹ bá gbé fèrèsé sókè, irin á sọ̀ kalẹ̀, fèrèsé á dúró síbi tẹ́ ẹ bá fi í sí. Tí okùn bá já, okùn tuntun là ń so. Tí dígí kan bá fọ́, dígí kan náà là ń pààrọ̀. Fèrèsé oníke ò rí bẹ́ẹ̀: tí ìrì bá ti wọ àárín dígí méjèèjì, dígí méjèèjì pọ̀ la máa ń pààrọ̀, nígbà míì odindi fèrèsé. Ní ti òtútù, ẹ kọ́kọ́ di orí àjà, torí ooru púpọ̀ ń gba òkè sá lọ. Ẹ fi rọ́bà dí etí fèrèsé, kẹ́ ẹ sì ṣe fèrèsé kejì tó ṣeé yọ sí i láti inú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Iṣẹ́_Ilé

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́. John Ruskin àti William Morris ń wàásù pé ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ṣe, tí ojú sì rí bí wọ́n ṣe ṣe é, ní iyì tí ẹ̀rọ ò lè fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé Amẹ́ríkà. Ẹni tó gbé e kárí ibẹ̀ ni Gustav Stickley, káfíńtà tó ń ṣe àga, tó dá ìwé ìròyìn The Craftsman sílẹ̀ ní 1901. Ìwé yẹn ni ilé yìí ti gba orúkọ. Stickley ń tẹ àwòrán ilé jáde nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Owó wọ́n ọn lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn, ó jẹ gbèsè wọlé ní 1915, ìwé ìròyìn náà sì kógbá sílé ní 1916, ṣùgbọ́n ilé ti tàn káàkiri nígbà yẹn.

Ohun tó ya ilé Craftsman sọ́tọ̀ ni pé kì í fi egungun rẹ̀ pa mọ́. Ilé àwọn olówó tó ṣáájú rẹ̀ máa ń fi plásítà àti ọnà gbígbẹ́ bo igi tó gbé ilé dúró. Ti èyí, orí igi òrùlé yọ síta lábẹ́ ìbòrí, ibi tí igi kan ti wọ inú èkejì hàn gbangba, òkúta odò àti bíríkì wà bí wọ́n ṣe wà. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá yọ igi rẹ̀, tẹ́ ẹ sì fi ike sí i, ohun tí ilé náà fẹ́ sọ ti lọ.

Ẹ tún lọ wo Gamble House, kò jìnnà sí yín rárá. Charles àti Henry Greene, ọmọ ìyá kan náà, ló yà á fún David àti Mary Gamble, ìdílé Procter & Gamble, ní 1908. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ igi nílé ẹ̀kọ́ ní St. Louis, kí wọ́n tó lọ kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì MIT. Ẹ wo àtẹ̀gùn ibẹ̀: igi tíìkì ni, wọ́n fi ọwọ́ yọ ṣóńṣó gbogbo etí rẹ̀ kúrò títí ó fi ń yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi ègé igi dúdú kéékèèké dé orí sùkúrù.

Nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀dà funfun yín ni mo ṣe mú un wá. Lẹ́yìn ikú àwọn òbí, àwọn ọmọ Gamble fẹ́ ta ilé náà. Àwọn tó wá wò ó ń bá ara wọn sọ ọ́ pé bí àwọn bá ti rà á, ọ̀dà funfun làwọn máa fi kun gbogbo igi inú rẹ̀. Ẹbí gbọ́, wọ́n ní àwọn ò tà mọ́. Ní 1966 wọ́n fi í ta ìlú Pasadena lọ́rẹ, pẹ̀lú yunifásítì USC, ó sì di National Historic Landmark, ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1977.

Bàbá_Houston

Mo gbọ́ ti Gamble. Olówó kọ́ ilé olówó, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ti ìyá ìbejì yìí ń kọ́? Àwọn ilé kéékèèké yẹn, inú ìwé àtẹ ọjà ni wọ́n ti ń ra àwòrán wọn. Mo mọ̀ pé Sears, iléeṣẹ́ tó ń ta aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ, ta ilé odindi nípasẹ̀ ìwé àtẹ láti 1908 sí 1940. Wọ́n ní ó lé ní 70,000. Wọ́n á dì í sínú rélùwéè, pákó, ìṣó, ọ̀dà, ilẹ̀kùn, oníbàárà á lọ kó o ní ibùdókọ̀. Kí ló wá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú ìyẹn? Ohun tó pọ̀ bí yanrìn, báwo ló ṣe di ohun àjogúnbá?

Akẹ́kọ̀ọ́_Iṣẹ́_Ilé

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín lágbára, mo sì fara mọ́ apá kan rẹ̀. Ìwàásù Morris ni pé ká má jẹ́ kí ẹ̀rọ jọba lé oníṣẹ́ ọwọ́ lórí, ẹ̀rọ ló sì gbé ilé náà dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé iyì rẹ̀ wà. Ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ olùkọ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ọlọ́jà kékeré ní ilé tirẹ̀ tó lẹ́wà, tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí títì tí aládùúgbò ti lè kí i. Ìtàn wọn ò sí nínú ààfin ẹnikẹ́ni. Òpópónà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ pa ilé kan rẹ́ níbẹ̀, ó lè má hàn. Ẹ pa mẹ́wàá rẹ́, ẹ ó rí i pé àdúgbò náà ti kú.

Ohun tí òfin sì dáàbò bò ní Bungalow Heaven nìyẹn, àdúgbò lódindi. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló jà fún un nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ń wó ilé kéékèèké, tí wọ́n ń kọ́ ilé alájà fún àwọn ayálégbé sáàárín wọn.

Ọ̀ṣìṣẹ́_Káńsù

Mo ń ṣiṣẹ́ nípa ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ní ìlú kan níbí ní Kalifọ́níà (kì í ṣe Pasadena), ẹ jẹ́ kí n ya àwọn òfin yìí sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn máa ń pò wọ́n pọ̀.

National Register, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ orúkọ ohun àjogúnbá sí, òfin ọdún 1966 ló dá a sílẹ̀. Bí orúkọ ilé yín bá wà níbẹ̀, ọlá ni, ṣùgbọ́n kò dí yín lọ́wọ́ láti fi owó ara yín tún un ṣe, kódà láti wó o. Òfin ìlú ló ní eyín. Bungalow Heaven di landmark district, àdúgbò tí òfin ìlú dáàbò bò, ní Pasadena ní 1989, òun ni àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó sì wá wọ National Register ní 2008. Ohun tí ìlú ń wò jù ni ohun tí ojú lè rí láti títì. Fèrèsé iwájú ilé yín wà nínú ẹ̀. Kíṣìnnì yín, ilé ìwẹ̀ yín, ẹ tún un ṣe bó ṣe wù yín, kìkì kẹ́ ẹ gba ìwé àṣẹ tí gbogbo onílé ń gbà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì kì í sọ ni Mills Act, òfin Kalifọ́níà ti 1972. Ẹ ó bá ìlú ṣe àdéhùn, ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, pé ẹ ó máa tọ́jú ilé náà bó ṣe yẹ, wọ́n á sì dín owó orí ilé yín kù. Àdínkù náà lè tóbi gan-an, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé lówó òde òní. Pasadena ń ṣe é. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n Houston béèrè ìdí tí ẹlòmíì fi ń pàṣẹ. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Blacker House, ní Pasadena kan náà. Àwọn Greene yẹn ló kọ́ ọ ní 1907 fún Robert Blacker, tó fi igi títà lówó ní Michigan. Àwọn Greene ló ya ohun gbogbo inú rẹ̀ títí dórí fìtílà. Ní 1985, olówó kan láti Texas ra ilé náà, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti ń tú fìtílà àti dígí aláwọ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n kó wọn lọ tà. Ó ju ogójì fìtílà lọ. Kò sì sí òfin kankan tó dá wọn dúró. Àwọn ará ìlú fárígá, ìlú sì ṣe òfin tó ń dáàbò bo irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ lára ilé àwọn Greene. Ẹlòmíì ló rà á ní àwọn ọdún 1990, ó tún un ṣe dáadáa, ó ní kí wọ́n ṣe fìtílà tuntun tó jọ ti àtijọ́. Iṣẹ́ náà dára. Ṣùgbọ́n ti 1907 wà ní mùsíọ́mù àti ní ilé olówó káàkiri.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ọ̀gá káńsù, òfin ní eyín lọ́dọ̀ yín. Ilọ́jọ̀ Bar ní Tinúubú, ilé tí ìdílé Fernandez tó ti Brazil wá kọ́ ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, katapílà wó o palẹ̀ ní ojúmọmọ. Ó ṣì ń dùn mí. Ìyá ìbejì, bí mo bá ní ẹni tó lè sọ fún mi pé "kò gbọdọ̀", màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Dúdú_Ni_Wá_LA

Ẹ dákun, kí n sọ apá tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé yìí, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, púpọ̀ nínú ìwé ilẹ̀ agbègbè Los Angeles ló ní gbólóhùn pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ rà á tàbí gbé ibẹ̀ àfi bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ó di 1948, nínú ẹjọ́ Shelley v. Kraemer, kí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó sọ pé ilé ẹjọ́ kankan ò lè fi ipá mú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń kọrin ìyìn àdúgbò, ẹ rántí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Mallie, ìyá Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù bésìbọ́ọ̀lù ńlá nì, ra ilé ní Pepper Street ní Pasadena yín níbẹ̀ ní 1922. Àwọn aládùúgbò funfun fúngun mọ́ wọn kí wọ́n lè kó jáde, obìnrin náà ò kó. Ọmọ márùn-ún ló fi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tọ́ níbẹ̀. Ilé yẹn ti di wíwó, àmì kékeré kan ló kù ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ sọ fún mi, èwo ló yẹ kó jẹ́ ohun àjogúnbá jù, àtẹ̀gùn tíìkì Gamble tàbí ilé Mallie Robinson? Àwọn tó ń pinnu nígbà náà ò rí i bí ilé tó ní iyì, torí igi rẹ̀ ò dán.

Mi ò sọ pé kí ìyá ìbejì má ra ilé o. Kí wọ́n rà á! Kí ọmọ Yorùbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn kì bá tí jẹ́ kó gbé nígbà náà. Kí wọ́n wá ìwé ilẹ̀ náà kà bí wọ́n bá rà á. Òfin Kalifọ́níà gba onílé láyè láti ní kí wọ́n fagi lé irú gbólóhùn yẹn nínú ìwé.

Àbúrò_Altadena

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Altadena ni mò ń gbé, òkè Pasadena níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé aláwọ̀ dúdú tí wọn ò jẹ́ kó rílé rà níbòmíì ló ra ilé síhìn-ín láti àwọn ọdún 1960 wá, ilé Craftsman sì pọ̀ nínú wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2025, iná Eaton jó wa. Ilé àti àwọn ohun mìíràn tí wọ́n kọ́ tó jóná lé ní 9,000. Pákó gbígbẹ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ mọ bó ṣe ń jó.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ ká padà wọlé, òpópónà wa ò ní ilé mọ́, ihò èéfín nìkan ló dúró lọ́tùn-ún lósì. Lára àwọn ààrò ìyáná yẹn, a rí táìlì Ernest Batchelder, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi amọ̀ mọ táìlì ní Pasadena ní nǹkan bí 1910: àwọ̀ ilẹ̀, kò dán, ẹyẹ àti ewé àjàrà ló wà lójú rẹ̀. Iná ò rí wọn gbéṣe, iná ni wọ́n kúkú fi sun wọ́n nígbà tí wọ́n ń mọ wọ́n. Àwọn èèyàn kan kó ara wọn jọ, wọ́n pe ara wọn ní Save the Tiles, àwọn bíríkìlà sì ń fi ṣísẹ́lì yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́, kí katapílà ìjọba tó kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo mọ ìyá àgbà kan tí wọ́n gbé tirẹ̀ fún nínú àpótí. Ilé ti lọ, wọ́n ṣì ń retí owó ìbánigbófò, àmọ́ ó ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ààrò ilé tuntun náà, táìlì yìí ló máa wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Houston, mo mọ̀ pé owó ló ń rà ilé. Àwa tí a pàdánù, a mọ ohun tí a ń wá nínú eérú.

Bàbá_Houston

Ẹ kú àjálù o, àbúrò. Olúwa á fi dípò rẹ̀ fún yín. Mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn. Èyí tí mo ṣì dúró lé ni ìlera àwọn ọmọ: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀dà yẹn láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá_Ìbejì_Pasadena

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí bàbá àwọn ọmọ. Ó ní kí n sọ fún káfíńtà pé òun gbà kí fèrèsé iwájú dúró, ti ẹ̀yìn ni òun ṣì ń rò. Ọ̀rọ̀ Mills Act yẹn ló rọ̀ ọ́ lọ́kàn jù. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ọ̀dà funfun inú ilé ńkọ́? Ǹjẹ́ ó ṣeé yọ? Kí sì ni kí a jẹ́ kí ẹni tó ń yẹ ilé wò kọ́kọ́ wò?

Káfíńtà_Ilé_Àtijọ́

Ẹ kí wọn fún mi. Ẹ̀gbọ́n Houston sòótọ́ lórí ọ̀dà. Ilé tó bá ti ṣáájú 1978, ọdún tí wọ́n fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé, ká kà á sí pé òjé wà níbẹ̀ títí àyẹ̀wò á fi sọ pé kò sí. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ nù ún, ẹ má fi iná jó o, torí eruku àti èéfín rẹ̀ ló ń wọ ọmọdé lára. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ fún iṣẹ́ òjé ni kẹ́ ẹ pè, kí ẹ̀yin àti àwọn ìbejì sì wà níbòmíì títí wọ́n á fi nu ilé mọ́. Ó ṣeé yọ. Tí wọ́n bá ti fi ṣẹ́láàkì kun igi náà ní 1911 kí ọ̀dà tó dé, ọ̀dà kì í wọ inú igi, á ṣí bí èèpo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ìjẹun, ẹ fi èyí tó kù sílẹ̀ títí owó á fi wà.

Ní ti àyẹ̀wò, ìpìlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wò. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn, wọ́n kàn gbé e lé orí ìpìlẹ̀ ni, wọn ò fi bóòtù dè é, bí ilẹ̀ bá mì ó lè yọ̀ kúrò. Ètò kan wà ní Kalifọ́níà tó ń jẹ́ Earthquake Brace + Bolt tó ń ran onílé lọ́wọ́ pẹ̀lú owó tó tó 3,000 dọ́là, ẹ wò ó bóyá ẹ yẹ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, wáyà. Lẹ́yìn wáyà, ẹ gbé àkàsọ̀ síta, ẹ fi sùkúrúdíráfà gún orí igi òrùlé tó yọ síta lábẹ́ ìbòrí, níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lòjò ti ń bá ilé Craftsman jà jù. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ó ti jẹrà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ayùn gé e kúrú. Gamble House náà ní ìṣòro yìí, wọ́n sì tún un ṣe láìgé e: apá tó jẹrà nìkan là ń yọ, a ó fi oje líle dí i tàbí ká fi igi tuntun lẹ̀ ẹ́. Ẹ ya fọ́tò wọn kẹ́ ẹ fi síbí, màá sọ èyí tó ṣì lè dúró àti èyí tí kò lè dúró.